Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo sanwó lórí kókó kan ṣoṣo

Mo rò pé ẹ̀ẹ̀kan ni màá sanwó ní ilé ìwòsàn fún kókó tó hù sí àtàǹpàkò mi. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo san, ₦15,000 lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì wọkọ̀ láti Ọ̀yọ́ dé Ìbàdàn nígbà márùn-ún.

Aránṣọ ni mí. Ibi tí ihò àlùmọ́gàjí ti máa ń tẹ àtàǹpàkò mi gan-an ni kókó náà hù sí, ó le bí èékánná. Mo fi abẹ rẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì, ó padà wá, ó tún bímọ méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Dókítà ní wart ni, pé fáírọ́ọ̀sì ló ń fà á, abẹ mi yẹn ló sì ṣeé ṣe kó tàn án ká. Ó ní àwọn máa fi òtútù pa á, pẹ̀lú nitrogen, gáàsì kan tí wọ́n sọ di omi tó tutù gan-an.

Gáàsì ló bí mi nínú. Mo sanwó tán, mo mú rìsíìtì dé yàrá ìtọ́jú, nọ́ọ̀sì ní, "Ẹ má bínú mà, nitrogen ti tán." Ṣé wọn ò mọ̀ kí wọ́n tó gbowó mi ni? Wọ́n ní kí n wá ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Mo dé, wọn ò tíì gbé e dé. Mo jókòó láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí di aago méjì ọ̀sán, aṣọ ẹgbẹ́jọdá tí wọ́n fẹ́ lò ní Sátidé sì wà nílé láìgé. Ìgbà tí mo fẹjọ́ sùn ni dókítà tó ṣàlàyé pé òtútù nǹkan náà tó −196°C, kò ṣeé tọ́jú pamọ́ bí oògùn. Bí wọ́n lò ó, bí wọn ò lò ó, ó ń di afẹ́fẹ́ lọ nínú àgbá rẹ̀ ni. Àlàyé yẹn yé mi. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà fóònù mi wà nínú fáìlì wọn!

Lọ́jọ́ tó bọ́ sí i, kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Nọ́ọ̀sì bu díẹ̀ sínú ife, èéfín funfun ń ṣàn bọ́ sórí tábìlì. Ó ki òwú bọ̀ ọ́, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ kókó náà, ibẹ̀ sì funfun bí ẹfun. Ó ta mí bí ata tó kan ojú ọgbẹ́. Mi ò fa ọwọ́ mi. Nígbà tó di ọjọ́ kejì ó lé ròrò, mi ò bẹ́ ẹ.

Ìgbà yẹn ni wọ́n tó sọ pé kí n padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí n sì tún mówó dání. Bí ẹ bá ń lọ, ẹ kọ́kọ́ béèrè iye ìgbà tí ẹ máa wá, kí ẹ sì pè wọ́n kí ẹ tó wọkọ̀, bóyá gáàsì wà nílẹ̀. Bó bá jẹ́ ojú ni tiyín wà, ẹ bi wọ́n nípa àmì: òtútù náà lè pa dúdú ara wa, laser, ìyẹn iná tí àwọn mìíràn fi ń jó kókó, náà lè ba àwọ̀ jẹ́. Àmì funfun kan tó tó hóró ẹ̀wà ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Kókó náà ti lọ ṣá, tòun tàwọn ọmọ rẹ̀. Lánàá mo gé odidi búńdù àǹkárá kan, àtàǹpàkò mi ò ro mí rárá.