Bí mo ṣe fi atalẹ̀, aáyù àti oyin gbógun ti ọ̀fìnkìn

Ọ̀fun ni ó kọ́kọ́ ta mí lólobó. Ó ń yún mi ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì sì fi máa mọ́, ihò imú mi kan ti dí, omi ń dà láti inú èkejì, mo sì ń sín léraléra. Mo mọ̀ pé fáírọ́ọ̀sì ni ó ń fa ọ̀fìnkìn, pé oríṣi rẹ̀ ju 200 lọ, àti pé àwọn oògùn apakòkòrò tí a fi ń pa bakitéríà kò lè ṣe é ní nǹkan kan. Nítorí náà ni mo ṣe pinnu láti se àgbo fúnra mi, kí n sì máa kọ ohun tí mo bá rí sílẹ̀ lójoojúmọ́, nítorí pé ẹni tí ara rẹ̀ bá ti ń yá kì í pẹ́ gbàgbé bí ó ti rí lánàá. Mo sì ti bá ara mi sọ ọ́ pé bí mímí bá nira fún mi, tàbí bí ibà bá mú mi tí kò sì lọ láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ilé ìwòsàn ni mo ń lọ.

Mo fọ atalẹ̀ tí ó gùn tó àtàǹpàkò mi, mo gé e wẹ́wẹ́ láìbó èèpo rẹ̀, mo sì sè é nínú omi ife mẹ́ta fún ìṣẹ́jú 15, pẹ̀lú ọmọrí lórí ìkòkò. Ibi aáyù ni mo ti ṣe àṣìṣe. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo ju awẹ́ aáyù mẹ́ta sínú ìkòkò náà bí wọ́n ṣe wà, òun àti atalẹ̀ sì jọ hó títí, ṣùgbọ́n nígbà tí mo mu ún, bóyá ni mo fi mọ̀ pé aáyù wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo tó rántí pé èròjà allicin, tí ó ń mú kí aáyù máa ta, kì í sí nínú awẹ́ tí a kò tíì fọwọ́ kàn. Ìgbà tí a bá gé e tàbí tí a bá tẹ̀ ẹ́ fọ́ ni ó ń jáde, iná sì tètè ń bà á jẹ́. Láti ọjọ́ kejì, mo ń fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀bẹ tẹ awẹ́ kan ṣoṣo fọ́, mo ń fi í sílẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú 10, ó sì di ìgbà tí omi atalẹ̀ bá lọ́ wọ́ọ́rọ́ kí n tó dà á sí i. Ó ta, ó sì rùn. Àwọn tí a jọ ń gbé kò jẹ́ kí n gbàgbé èyí.

Oyin ṣíbí kan àti omi lẹ́mọ́ọ̀nù ni mo ń fi parí rẹ̀. Mo ń mu ife kan láàárọ̀, ọ̀kan lọ́sàn-án, ọ̀kan kí n tó sùn. Nígbà tí ikọ́ bẹ̀rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ kẹta, mo lá oyin ṣíbí kan lásán, mo sì sùn mọ́jú, èyí tí n kò lè ṣe lóru tí ó ṣáájú nítorí imú dídí. Ìwádìí lórí àwọn ọmọdé náà ti fi hàn pé oyin lè dẹ ikọ́ lọ́rùn díẹ̀, àmọ́ a kò gbọdọ̀ fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 1 ní oyin rárá, nítorí ó lè ní kòkòrò tí ń fa bọ́túlísímù nínú, àìsàn tí ó lè rọ ọmọ náà lápá lẹ́sẹ̀.

Mo tún fi oru omi gbígbóná gbìyànjú. Mo gbé abọ́ lé itan, mo fi táwẹ́ẹ̀lì borí, abọ́ náà sì yẹ̀ díẹ̀, omi ta sí mi lẹ́sẹ̀. Ọlọ́run yọ mí, nítorí pé omi náà ti tutù díẹ̀. Orí tábìlì ni mo ń gbé e sí láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n ìlàsí imú tí mo ń rí níbẹ̀ kì í ju bí ìdajì wákàtí lọ, omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ tí mo fi wẹ̀ sì ṣe bákan náà fún mi láìséwu.

Lọ́jọ́ karùn-ún, ẹ̀gbọ́n mi ní kí n bu díẹ̀ fún àwọn nínú àgbo náà. Warfarin ni wọ́n ń lò kí ẹ̀jẹ̀ wọn má baà dì, mo sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ apòògùn wọn. Apòògùn náà ní kí wọ́n má ṣe é, nítorí pé aáyù púpọ̀ pẹ̀lú oògùn yẹn lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dà ju bó ṣe yẹ lọ. Inú wọn kò dùn sí èmi tàbí apòògùn náà.

Ní ọjọ́ kẹjọ, imú mi là pátápátá. Ọjọ́ 7 sí 10 ni ọ̀fìnkìn sábà máa ń lò kí ó tó lọ fúnra rẹ̀, nítorí náà n kò lè búra pé àgbo ni ó lé e lọ. Ohun tí mo rí kọ sílẹ̀ ni pé ọ̀fun mi rọlẹ̀ lẹ́yìn ife kọ̀ọ̀kan, àti pé oyin jẹ́ kí n sùn. Bí òmíràn bá tún mú mi, atalẹ̀, oyin àti lẹ́mọ́ọ̀nù ni n ó sè; aáyù yóò dúró síbi tí ó wà.