Bí pọ́tímáńtò màámi ṣe di ìbora mọ́kànlá

Ọdún kan gbáko lẹ́yìn tí màámi jáde láyé la tó ṣí pọ́tímáńtò mẹ́ta tó wà lábẹ́ ibùsùn wọn. A ò gbàgbé. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló ní òun ò tíì lè fojú rí aṣọ wọn, òun sì ni àgbà, la bá fi í sílẹ̀. Àǹkárá ni màámi ń tà ní ọjà Gbági n'Íbàdàn láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, ẹni tó bá sì mọ oníṣòwò aṣọ yóò mọ̀ pé ọjà wọn kì í tán nílé. Èyí tí kò tà, wọ́n á gbé e wálé. Èyí tó tà jù, wọ́n á yọ yáàdì méjì pa mọ́ nínú rẹ̀. Aṣọ ẹbí gbogbo ayé tún wá ń gun orí ìyẹn.

Lọ́jọ́ tí a pín in, òfì ló kọ́kọ́ tán. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi gbé sányán tí màámi fi ṣègbéyàwó. Ẹtù méjì lọ sọ́dọ̀ àwọn ọmọ àbúrò wọn. Àlàárì kan wà níbẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjà sílẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìta. Ohun tó kù ni ohun tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́: aṣọ ẹbí ayẹyẹ tí a ò rántí ẹni tó ṣe é mọ́, ìró tó ti ṣá, yáàdì kan ààbọ̀ níhìn-ín, yáàdì méjì lọ́hùn-ún, àti ègé wẹ́wẹ́ tí kò tó rán fìlà. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Àkísà màámi kún pọ́tímáńtò kan ààbọ̀. Ẹnì kan ní ká jó o. Ẹlòmíràn ní ká kó o fún àwọn mẹkáníìkì kí wọ́n máa fi nu ọwọ́. Mo ní kí wọ́n kó o fún mi.

Àṣìṣe ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Mo di àpò ńlá méjì, mo gbé e sínú táksí, ó di ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí kan. N kò pè wọ́n ṣáájú, n kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ wọn. Lójú tèmi, ta ni yóò kọ ọrẹ? Mátíróònù tó ń bójú tó ibẹ̀ ṣí síìpù àpò kìíní, wọ́n fà sẹ́yìn, wọ́n ní, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé e síta ná."

Ara mi bù máṣọ. Ohun tó ti ń kọ mí lóminú látilé náà ni mo rò pé ó ṣẹlẹ̀, nítorí ẹni púpọ̀ nílẹ̀ wa kì í fẹ́ gba aṣọ ẹni tó ti kú. Mo yára kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ má bínú, mà. Mi ò ní purọ́ fún yín, aṣọ màámi tó dolóògbé ni, ṣùgbọ́n ikú wọ́ọ́rọ́wọ́ ni wọ́n kú..."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Òkú kọ́ ni mo ń bẹ̀rù. Káńfọ̀ ni."

Nọ́ọ̀sì ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìntì, wọ́n sì fi mí jókòó, wọ́n là á yé mi. Káńfọ̀ funfun róbótó tí gbogbo wa ń jù sínú àpótí nítorí aáyán àti kòkòrò, naphthalene ló wà nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ kan wà tí ohun tí wọ́n ń pè ní G6PD, èròjà tó ń dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì pupa, kò tó nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Bí wọ́n ṣe bí wọn nìyẹn, ó sì wọ́pọ̀ nílẹ̀ wa, pàápàá láàárín àwọn ọmọkùnrin. Bí a bá wọ aṣọ oníkáńfọ̀ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nígbà tó wà ní jòjòló, tàbí tí a fi pọ̀n ọ́n, èròjà náà á gba imú àti awọ ara wọlé, sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí fọ́, ojú àti ara rẹ̀ á dà bí ìyeyè. Ibà pọ́njú yẹn lè wọ ọpọlọ. Ó lè pa ọmọ, ó sì lè di í létí tàbí kó sọ ọ́ di arọ. Ìyá ọmọ lè má mọ̀ pé ọmọ òun wà lára wọn títí ọ̀rọ̀ á fi bọ́ sórí. Nítorí náà, aṣọ tó bá ti ń rùn káńfọ̀ kì í kọjá géètì wọn, bó ti wù kó rẹwà tó.

Mo dákẹ́. Aṣọ oníkáńfọ̀ tí mo ti gbé lọ bá àwọn ìyá ìkókó láyé mi, ó ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ. Olúwa ló yọ wá.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi mí pé, "Kí lẹ rò pé à ń wá níbí?" Mo ní aṣọ ọmọdé ni. Wọ́n mú mi lọ sí yàrá ìkẹ́rù, wọ́n ṣílẹ̀kùn. Aṣọ ọmọdé kún un débi òrùlé. Bí Kérésì bá ti dé, aṣọ àti Indomie ni gbogbo ayé ń gbé wá. Ohun tí wọn ò ní ni ìbora fún àwọn ọmọ tó ti tó ọdún márùn-ún sí méjìlá, tí ọyẹ́ máa ń nà lórí fóòmù ẹsẹ̀ bàtà méjì ààbọ̀. Blánkẹ́ẹ̀tì onírun tí wọ́n ní tẹ́lẹ̀, ọmọ tó bá tọ̀ sí i, ọjọ́ mẹ́ta ni yóò fi wà lórí okùn. Wọ́n ń fẹ́ nǹkan tí wọ́n lè fọ̀ láàárọ̀ kó gbẹ kí ilẹ̀ tó ṣú. Wọ́n tún kìlọ̀ pé kí n má rán nǹkan kan fún àwọn tí kò tíì pé ọdún kan, torí àwọn kì í fi ìbora tí kò lẹ̀ mọ́ nǹkan sọ́dọ̀ ìkókó tó ń sùn, kó má baà bò ó nímú.

Ìyẹn ló mú àbúrò mi tó wà ní Houston wá sí mi lọ́kàn. Òun àti àwọn obìnrin ìjọ wọn máa ń rán ìbora alábala fún Project Linus, ẹgbẹ́ kan tó bẹ̀rẹ̀ ní Colorado lọ́dún 1995, tó ń fún àwọn ọmọ tó wà nílé ìwòsàn tàbí nínú ìṣòro ní ìbora tí a fọwọ́ ṣe. Mo pè é lórí WhatsApp, mo ròyìn mátíróònù fún un. Ó ní bẹ́ẹ̀ náà làwọn náà ń ṣe: ìbora tó bá ń rùn sìgá tàbí tí irun ajá wà lára rẹ̀, wọn ò ní gbà á. Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gé e, àmọ́ tiwọn ní òwú nípọn láàárín nítorí òtútù wọn. Mo yọ òwú kúrò. Ìbejì aṣọ lásán, ojú àti ẹ̀yìn, ti tó fún ọyẹ́ Ìbàdàn.

Aṣọ fífọ̀ ló gba àkókò jù. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń sá gbogbo ẹrù náà sóòrùn lójoojúmọ́ kí n tó kì í bọ omi, mo sì fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Èyí tí mo bá ṣì gbọ́ káńfọ̀ lára rẹ̀ tún ń padà sórí okùn. Bí mo ti ṣe gbogbo ìyẹn tó, mo ti pinnu pé ìkankan nínú rẹ̀ ò ní dé ọ̀dọ̀ ìkókó.

Bí mo ṣe ń fọ̀ ni mo ń ṣà. N óò na aṣọ síwájú fèrèsé, n óò wo ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń yọ. Ibi tí kòkòrò ti jẹ, n óò fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i. Lẹ́yìn náà n óò fi ọwọ́ méjèèjì fà á díẹ̀. Aṣọ tó bá ní "fàà", tó ya, ó ti gbó nìyẹn, ó di tàwọn mẹkáníìkì. Àdìrẹ máa ń dá wẹ̀ ni, nínú omi tútù, torí aró ń tú. Níbẹ̀ ni mo ti rí àdìrẹ ẹlẹ́kọ kan, "Ìbàdàn dùn", èyí tó ní òpó gbọ̀ngàn Màpó lára. Ìdajì ìró ni, ẹnì kan ti gé ìyókù lọ. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún ọjọ́ mẹ́rin, mo ń wò ó.

Léèsì ń họ ara ọmọdé, dàmáàsìkì ń yọ̀, àwọn méjèèjì ò wúlò fún ìbora. Mo kó wọn lọ fún àǹtí aránṣọ àdúgbò wa tó ní ọmọ iṣẹ́ márùn-ún. Ìwé àpò sìmẹ́ńtì ni àwọn ọmọ náà fi ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń gé aṣọ, ó sì pẹ́ kí ọ̀gá wọn tó jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan léèsì oníbàárà. Ọ̀kan nínú wọn ti fẹ́ ṣe fírídọ̀mù, kò sì tíì gé léèsì rí. Inú àǹtí dùn débi pé wọ́n ní kí n máa wá lo ọ̀kan nínú maṣíìnì wọn ní ìrọ̀lẹ́. Màámi ò mọ aṣọ rán, aṣọ títà ni wọ́n mọ̀. Èmi náà, ìwọ̀nba tí wọ́n kọ́ wa nílé ìwé ni mo mọ̀.

Páálí Indomie ni mo fi ṣe bátànì, ìǹṣì 11 ní òró àti ìbú. Bí a bá ti yọ ìdajì ìǹṣì tí yóò wọ inú rírán lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, ó ku 10. Ègé 24 ló ń ṣe ojú ìbora kan, mẹ́rin ní ìbú, mẹ́fà ní gígùn. Àǹkárá ń fẹ̀ tó ìǹṣì 45, nítorí náà ègé mẹ́rin ń jókòó geerege lórí ìbú rẹ̀, yáàdì méjì sì tó fún gbogbo ojú. Yáàdì méjì mìíràn ni mo fi ṣe ẹ̀yìn. N óò kọ́kọ́ so mẹ́rin-mẹ́rin pọ̀, n óò lọ̀ ọ́, n óò wá so ìlà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pọ̀. N óò dojú ẹ̀yìn kọ ojú, n óò rán an yíká, n óò fi ààyè tó gba ọwọ́ sílẹ̀, n óò yí i bí àpò ìrọ̀rí, n óò dí ẹnu ibẹ̀. Nígbà tí ó bá kù díẹ̀, n óò fi òwú ìlọ́po mẹ́rin ta kókó sí gbogbo ibi tí igun mẹ́rin ti pàdé. Kókó 15 ni lórí ìbora kan. Òun ni kì í jẹ́ kí aṣọ méjèèjì máa sá fún ara wọn bí a bá fọ̀ wọ́n.

Ìbora àkọ́kọ́ bà jẹ́. Ìkánjú ló mú kí n fi gínnì kan tí n kò tíì fọ̀, tí tááṣì ilé iṣẹ́ ṣì gan lára rẹ̀, sáàárín àǹkárá tí mo ti fọ̀. Nígbà tí mo rán an tán tí mo kì í bọ omi, gínnì sún kì, ìbora hunjọ bí ojú arúgbó. Mo tú ègé mẹ́fà nínú rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, mo sì ń bú ara mi.

Bàbá kékeré wa yà kí mi lọ́jọ́ kan, wọ́n bá ìbora kan lórí àga, wọ́n ní, "Eégún lò ń dá aṣọ fún yìí?" Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọn ò jìnnà sí òtítọ́. Aṣọ alábala kì í ṣe àjòjì sí wa. Ọ̀pọ̀ ilé eléégún ló wà tí wọ́n ń fi abala tuntun lé ti tẹ́lẹ̀ bí ọdún ti ń yípo, tí abala ti ìsàlẹ̀ á fi dàgbà ju ẹni tó ń gbé e lọ. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo gé "Ìbàdàn dùn". Ègé mọ́kànlá péré ló yọ nínú rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni iye ìbora náà ti wá, òpó Màpó kọ̀ọ̀kan láàárín ìbora kọ̀ọ̀kan.

Ó gbà mí ní oṣù mẹ́rin. Lọ́tẹ̀ yìí mo pè wọ́n kí n tó lọ. Mátíróònù gbé ìbora sí imú lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo mọ́kànlá, kí wọ́n tó kọ orúkọ mi sínú ìwé, kí n sì fọwọ́ sí i. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà mí lọ ti yọ fóònù, ó fẹ́ ya àwọn ọmọ náà níbi tí wọ́n ti ń gbà á. Wọ́n ní rárá. Ìbora nìkan ló lè yà, kò gbọdọ̀ ya ojú ọmọ kankan. Ó kùn díẹ̀, ó ya ìbora.

Ìbora ò kárí. Ọmọ 17 ló wà ní yàrá àwọn tó dàgbà díẹ̀, n kò sì béèrè iye wọn nígbà àkọ́kọ́. Wọ́n ní kí n má ṣèyọnu, ti àwọn tó ń tọ̀ sílé ni yóò kọ́kọ́ wọlé. Síbẹ̀ mo rí ojú àwọn tí kò kàn.

Ní ọ̀nà ilé, nínú ọkọ̀, ẹ̀gbọ́n mi ń wo fọ́tò rẹ̀. Ó fi ìka tọ́ ègé aláwọ̀ ewé kan, ó ní, "Èyí tí a dá nígbà tí mo gboyè rèé." Mo ní òun ni. Ó dákẹ́ títí a fi dé Ìwó Road, ó wá ní ṣé mo lè rán ọ̀kan fún òun.

Mo ní kó mú yáàdì mẹ́rin wá, kó sì to sẹ́yìn àwọn ọmọ mẹ́fà.