Bí ẹ bá fẹ́ wo òdòdó ní Kita-Kamakura

Ẹ̀yin ará, ẹni tó bá máa wà ní Tokyo nínú oṣù kẹfà, ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin Yokosuka lọ sí Kita-Kamakura. Kò tó wákàtí kan. Ibùdókọ̀ kékeré ni. Bí ẹ bá ti bọ́ sílẹ̀, ẹnu ọ̀nà tẹ́ńpìlì Engaku-ji lẹ wà yẹn. Hojo Tokimune, tó ń ṣàkóso Japan nígbà náà, ló dá a sílẹ̀ ní 1282 nítorí àwọn tó kú nígbà tí àwọn ará Mongol gbógun wá sí Japan, tọ̀tá tọ̀rẹ́. Kódà, ojú irin gba inú ilẹ̀ tẹ́ńpìlì náà kọjá.

Ṣùgbọ́n tẹ́ńpìlì Meigetsu-in ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, kí ẹ sì débẹ̀ kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn, torí èrò ibẹ̀ kì í ṣe kékeré. Òdòdó ajisai (hydrangea) aláwọ̀ búlúù ló tò sí ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn òkúta lọ́tùn-ún lósì, orí rẹ̀ ṣù bíi òwú. Àsìkò òjò ni o. Ẹ mú agbòjò dání, kí ẹ wọ bàtà tí kì í yọ̀. Àtẹ̀gùn yẹn ò mojú ẹnikẹ́ni.

Tẹ́ńpìlì Tokei-ji náà ò jìnnà. Láyé àtijọ́, ibẹ̀ lobìnrin tí ìyà ọkọ sú máa ń sá lọ kó lè rí ìkọ̀sílẹ̀ gbà.

Ẹ mú owó yẹ́ẹ̀nì sápò fún owó ìwọlé.