Bí ẹ ṣe lè máa ka omi odò àdúgbò yín kó tó wọlé bá yín (fún àwa ará Májídùn, Ajégúnlẹ̀ Ìkòròdú àti agbègbè)

Àgbàrá òjò ò lóun ò ní wólé, onílé ni ò ní gbà fún un. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n sọ, ṣùgbọ́n báwo lonílé ò ṣe ní gbà tí ò bá mọ ibi tómi dé? Omi á máa kún, a ó máa pe ara wa pé "ẹ wá wò ó, omi ti ń gòkè o", kò séèyàn kan tó lè sọ iye tó fi ga sí ti àná, kò sì sẹ́ni tó mọ iye tó kù kó dé ẹnu ọ̀nà ìyá àgbà tó ń gbé nísàlẹ̀ àdúgbò. Nọ́ńbà la nílò: ká ri pákó tá a kọ nọ́ńbà sí lára mọ́ inú omi, ká máa ka ibi tómi dé lára ẹ̀. Ó rọrùn, kò gba owó púpọ̀.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tómi ti ń bọ̀. Òjò Ìkòròdú nìkan kọ́ ló ń dà wá láàmú. Odò Ògùn ti apá Ṣakí ṣàn wá, ó gba Abẹ́òkúta, ó gba Ìṣẹrí, kó tó wá já sínú ọ̀sà lọ́dọ̀ wa níbí. Odò Ọ̀yán ń wọnú ẹ̀ lókè Abẹ́òkúta, orí Ọ̀yán yẹn ni wọ́n kọ́ dáàmù sí, wọ́n ṣí i lọ́dún 1983, ó lè gba omi tó tó mílíọ̀nù 270 kúbíìkì mítà. Tó bá ti fẹ́ kún jù, wọ́n á tú omi sílẹ̀, ọ̀dọ̀ wa nísàlẹ̀ ló sì ń bọ̀. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ lọ́dún 2010 nìyẹn, tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi sá kúrò nílé ní Ajégúnlẹ̀. Torí náà oòrùn lè máa ràn ganrínganrín kómi ṣì máa gòkè, ẹ má fojú sánmà nìkan wò ó.

Ó yá, iṣẹ́ ọwọ́. Ẹ wá pákó tó nípọn, bíi mítà mẹ́ta, tàbí kẹ́ ẹ lo òpó kọnkéré tó ti wà nínú omi tẹ́lẹ̀ tí wọ́n bá gbà fún yín. Ẹ fi tépù káfíńtà wọ̀n ọ́n látìsàlẹ̀ lọ sókè, ẹ fa ìlà ní sẹ̀ntímítà mẹ́wàá-mẹ́wàá, dúdú kan funfun kan, ẹ kọ nọ́ńbà gàdàgbà sí i, 10, 20, 30, títí dókè, ọ̀dà tómi ò lè tètè ṣí ni kẹ́ ẹ lò. Òdo (0) gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ ibi tómi máa ń dé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ibi tẹ́ ẹ máa rì í mọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ ibi tẹ́ ẹ ti lè dúró lórí ilẹ̀ gbígbẹ kẹ́ ẹ tanná tọ́ọ̀ṣì sí i lóru, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má rán ọmọdé lọ sétí omi lọ kà á. Kẹ́ ẹ tún kan ìṣó kan mọ́ ògiri tó lágbára nítòsí, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìṣó yẹn ṣe déédéé pẹ̀lú nọ́ńbà báyìí lórí pákó, torí ọkọ̀ ojú omi lè kọ lù ú, koríko orí omi náà lè tì í, tí pákó bá sì ti yẹ̀, ìṣó yẹn lẹ máa fi dá a padà.

Èyí tó kàn yìí gan-an ló ṣe pàtàkì jù, òun lọ̀pọ̀ èèyàn á sì fẹ́ fò. Nọ́ńbà orí pákó ò já mọ́ nǹkan kan tẹ́ ẹ ò bá mọ nọ́ńbà tó jẹ́ ti ẹnu ọ̀nà yín. Ẹ lọ yá rọ́bà funfun tí àwọn bíríkìlà fi ń wo lẹ́fẹ́ẹ̀lì, tó ṣeé rí inú ẹ̀, ẹ bu omi kún un, ẹ rí i pé atẹ́gùn ò sí níbẹ̀ rárá. Ẹnì kan á gbé etí kan mọ́ pákó, ẹnì kejì á gbé etí kejì lọ sẹ́nu ọ̀nà. Tómi inú rọ́bà bá dúró sí 200 lára pákó, tó sì fi 30 sẹ̀ntímítà ga ju ẹnu ọ̀nà yín lọ lápá kejì, á jẹ́ pé 170 ni ẹnu ọ̀nà yín. Tí rọ́bà ò bá gùn tó, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sára fẹ́ǹsì, kẹ́ ẹ máa gbé e lọ díẹ̀díẹ̀. Ẹ ṣe é fún ilé tó wà nísàlẹ̀ jù, fún ojú títì, fún ẹnu kànga. Tílé yín bá jìnnà sódò, àdúgbò yín ló yẹ kó ní pákó tirẹ̀.

Kíkà á wá ńkọ́? Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, lójoojúmọ́, látìgbà tójò bá ti bẹ̀rẹ̀, ní pàtàkì oṣù kẹfà sí ìkeje, àti oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá. Ọ̀sà máa ń kún fún bíi wákàtí mẹ́fà, á tún fà fún bíi wákàtí mẹ́fà, ó sì máa ń lágbára sí i nígbà tí oṣù tuntun bá lé tàbí tí òṣùpá bá kún. Nítorí náà ẹ fi ibi tó ga jù lónìí wé ibi tó ga jù lánàá, kẹ́ ẹ má lọ máa sá fún omi tó máa fà tó bá yá. Tí omi ò bá fà mọ́ nígbà tó yẹ kó fà, ẹ fura, omi òkè ti dé nìyẹn.

Ẹ wo bó ṣe ń yára pẹ̀lú. Ká ní 110 ni láago mẹ́fà àárọ̀, tó di 122 láago mẹ́wàá, sẹ̀ntímítà mẹ́ta ló ń fi gòkè ní wákàtí kan. Ẹnu ọ̀nà tó wà ní 170, ó ku 48, ìyẹn wákàtí mẹ́rìndínlógún. Aago méjì òru ló máa wọlé, ìgbà tọ́mọ ń sùn.

Ní Amẹ́ríkà ìpele mẹ́rin ni wọ́n pín gíga omi sí, ẹ̀yin náà ẹ yan nọ́ńbà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sára pákó: ìmúra, kékeré (omi bo ojú títì), àárín (ó wọ àwọn ilé kan), ńlá (ọ̀pọ̀ ilé, ọ̀nà dí). Ìmúra ni kẹ́ ẹ mú ní ọ̀kúnkúndùn, ẹ fi í sísàlẹ̀ dáadáa, torí ó gba àkókò láti gbé arúgbó, láti kó sáfíkéètì sínú ọ̀rá, láti pa iná mànàmáná ilé látorí ṣúìṣì ńlá. Ẹ fi fọ́tò nọ́ńbà ránṣẹ́ sórí WhatsApp àdúgbò pẹ̀lú aago tẹ́ ẹ kà á.

Tó bá dé àárín, ẹ jáde. Omi tó ń sáré, 15 sẹ̀ntímítà péré lè gbé àgbàlagbà ṣubú, 30 sẹ̀ntímítà lè gbé mọ́tò kékeré. Nọ́ńbà pàjáwìrì Èkó ni 112 tàbí 767.

Tómi bá ti fà, ẹ má mu omi kànga tó bò mọ́lẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n ti fọ̀ ọ́ tí wọ́n ti fi kẹ́míkà pa kòkòrò inú ẹ̀. Kẹ́ ẹ tó fọ ògiri, ẹ fọ̀dà fàlà síbi tómi ga dé, kẹ́ ẹ kọ ọjọ́ sí i, kẹ́ ẹ wá fi rọ́bà bíríkìlà yẹn gbé ìlà náà lọ sórí pákó, kẹ́ ẹ kọ nọ́ńbà ẹ̀ sójú ewé àkọ́kọ́ nínú ìwé tẹ́ ẹ fi ń kọ nọ́ńbà omi sílẹ̀.