Títún Ilé Ṣe fún Ẹni Tó Ń Lo Àga Onítáyà

Kí ẹ tó pe bíríkìlà tàbí káfíńtà, ẹ pe ẹni tó máa lo ilé náà. Ẹ jẹ́ kó jókòó sórí àga rẹ̀. Ẹ wọn ìbú àga náà láti etí táyà kan dé èkejì, kẹ́ ẹ fi ààyè ìka ọwọ́ kún un, torí ìka ló máa ń há mọ́ férémù ilẹ̀kùn. Ẹ wọn gíga ìjókòó rẹ̀ àti ibi tí ọwọ́ rẹ̀ nà dé. Bí ìwọ̀n rẹ̀ bá yàtọ̀ sí tinú ìwé yìí, tirẹ̀ ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé.

Ẹnu ọ̀nà

Ibi tí àtẹ̀gùn wà, ẹ ṣe ọ̀nà gẹ̀rẹ́ sí i. Gíga sẹ̀ǹtímítà 1 ń fẹ́ gígùn sẹ̀ǹtímítà 12 (sẹ̀ǹtímítà náà ni gbogbo ìwọ̀n gíga, gígùn àti ìbú tó kù nínú ìwé yìí). Àtẹ̀gùn tó ga ní 45 á gba 540. Àwọn bíríkìlà fẹ́ràn láti gé e kúrú nítorí ààyè. Ẹ má gbà fún wọn: èyí tó bá dà gììrì, ẹni náà ò ní lè dá gun ún, tó bá sì ń sọ̀ kalẹ̀, àga lè sá mọ́ ọn lọ́wọ́. Bí ààyè ò bá tó, ẹ ṣẹ́ ẹ kọrí síbòmíì, kí ojú ibi tó ti ṣẹ́ tẹ́ pẹrẹsẹ ní 150 sí 150. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí iwájú ilẹ̀kùn rí, torí kò rọrùn láti fa ilẹ̀kùn lórí gẹ̀rẹ́. Kí ọ̀nà náà fẹ̀ tó 90, kó ní ìgbátí tó ga ní 10 lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, kí táyà má bàa yọ̀ kúrò lójú ọ̀nà. Ẹ má dán ojú símẹ́ńtì. Ẹ fi ìgbálẹ̀ fà á ní ìbú nígbà tó ṣì tutù.

Ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ gbọ́dọ̀ fi ààyè 82 sílẹ̀. Bó bá ku 3 tàbí 4 kó tó pé 82, ẹ má tíì fọ́ ògiri. Hínjì tó máa ń gbé ilẹ̀kùn kúrò lójú ọ̀nà pátápátá lè tó.

Balùwẹ̀

Ibí ni ewu pọ̀ sí jù. Kí ilẹ̀kùn rẹ̀ máa ṣí síta: bí ẹni náà bá ṣubú sẹ́yìn ilẹ̀kùn tó ń ṣí sínú, ẹni tó fẹ́ gbà á là ò ní ráyè wọlé.

Ẹ kan irin ìdìmú ní gíga 84 sí 91, kó nípọn ní 3.2 sí 3.8, kí àlàfo òun àti ògiri jẹ́ 3.8. Bí àlàfo bá fẹ̀ jù, apá á yọ́ wọlé, á sì há síbẹ̀. Irin ìfaṣọkọ́ kì í ṣe irin ìdìmú o! Ìdè tó wọ inú rẹ́ńdà (símẹ́ńtì tí wọ́n fi rẹ́ ojú ògiri) nìkan á já lọ́jọ́ tí ẹni náà bá fi gbogbo ara rọ̀ mọ́ ọn. Bó bá jẹ́ búlọ́ọ̀kù oníhò, ẹ fi kankéré dí ihò rẹ̀, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó gan fún ọjọ́ 7 kẹ́ ẹ tó lu ú. Irin náà gbọ́dọ̀ gba kìlógíráàmù 113.

Ìjókòó ilé ìgbọ̀nsẹ̀, 43 sí 48, kó bá gíga àga dọ́gba. Ẹ fi ààyè 90 sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tí àga lè dúró sí. Ẹ wé páìpù omi gbígbóná tó wà lábẹ́ bàsíà: ẹsẹ̀ tí kì í mọ ìrora lè jó kí ẹni tó ni ín tó mọ̀.

Súwíìṣì kó má ga ju 120. Ihò iná kó má rẹlẹ̀ ju 40. Ẹ ká rọ́ọ̀gì kúrò nílẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó sanwó iṣẹ́ tán, ẹ ní kí ẹni náà dá lọ láti ojú títì dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kó sì padà, lọ́sàn-án àti lóru, láì sí ẹni tó ń tì í. Ibi tó bá ti dúró kó tó lè kọjá, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbẹ̀ fún oníṣẹ́.