Bí a ṣe ń ṣe ògiri ìtò fún kúìlìtì nínú ilé

Ẹni tó bá ń rán kúìlìtì, ìyẹn aṣọ ìbora tí a ń fi ègé aṣọ oríṣiríṣi rán pọ̀, á mọ ìrora kan. Ẹ ti jókòó ti maṣíìnì láti àárọ̀, ẹ ti rán gbogbo rẹ̀ tán, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ láti wò ó, ẹ wá rí i pé ègé pupa méjì fara kan ara wọn ní igun kan, ojú yín ò sì lè kúrò níbẹ̀ mọ́. Ó ṣẹlẹ̀ sí mi. Òru ọjọ́ kan ni mo fi tú ìrán, kí ilẹ̀ sì tó mọ́, etí àwọn ègé náà ti ń sọ òwú sílẹ̀. Láti ìgbà yẹn ni mo ti pinnu pé mi ò ní rán ohun tí mi ò tíì rí lódindi mọ́. Ògiri ìtò ló jẹ́ kí n lè mú ìpinnu náà ṣẹ.

Kì í ṣe ògiri ilé gan-an. Pátákó tí a fi aṣọ onírun bò ni, tí a gbé ró, tí ègé aṣọ á máa lẹ̀ mọ́ láìlo gọ́ọ̀mù tàbí píìnì. Ẹ lè yọ ègé kan, kí ẹ fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, kí ẹ pààrọ̀ wọn nígbà ogún, nígbà tí ẹ kò tíì fi abẹ́rẹ́ kan ohunkóhun.

Àwọn kan máa ń tò tiwọn sórí ibùsùn tàbí sílẹ̀. Èmi náà ti ṣe é rí. Èyí tó wà nítòsí ẹsẹ̀ yín á tóbi lójú, èyí tó wà lọ́ọ̀ọ́kán á kéré, ẹ ò sì ní mọ bí àwọ̀ ṣe pín káàkiri rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá wá ṣú, tí oorun ń kun èèyàn, gbogbo ètò náà gbọ́dọ̀ kúrò lórí ibùsùn.

Ẹ kọ́kọ́ ṣírò

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbàgbé ni pé kúìlìtì tí a kò tíì rán máa ń tóbi ju èyí tí a ti rán lọ. Ègé kọ̀ọ̀kan ní ìdá mẹ́rin ínǹṣì kan ní etí kọ̀ọ̀kan tí ìrán máa gbé mì. Ká ní ẹ fẹ́ ṣe búlọ́ọ̀kù, ìyẹn ìdì ègé tí a rán pọ̀ di onígun mẹ́rin kan, tó ní ègé mẹ́sàn-án, mẹ́ta lórí mẹ́ta, tí ẹ sì gé ègé kọ̀ọ̀kan ní ínǹṣì 4½. Lórí ògiri, ó máa gba ínǹṣì 13½. Nínú kúìlìtì tó ti parí, ínǹṣì 12 péré ló máa jẹ́. Bí irú búlọ́ọ̀kù bẹ́ẹ̀ mẹ́rin bá wà ní ìlà kan, ínǹṣì 54 ni ẹ nílò láti tò wọ́n, bẹ́ẹ̀ 48 ni kúìlìtì náà á ṣẹ́kù sí. Ẹni tó bá gé pátákó rẹ̀ ní ínǹṣì 48 kò ní rí àyè fún gbogbo rẹ̀.

Ògiri tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 6, tó sì fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 6, ni mo fọwọ́ sí fún ẹni tó bá ní àyè. Ínǹṣì 72 nìyẹn ní ìbú àti ní òró, ó sì tó fún ọ̀pọ̀ iṣẹ́. Èyí tó bá tóbi jù ú lọ, ẹ lè tò ó ní ìdajì-ìdajì.

Aṣọ tí a ó fi bò ó

Ibí ni kí ẹ ti fara balẹ̀, torí pé aṣọ yìí ló ń ṣe iṣẹ́ gan-an. Fúlánẹ́ẹ̀lì ló wọ́pọ̀ jù. Wọ́n ti fi búrọ́ọ̀ṣì ha ojú rẹ̀ títí irun wẹ́wẹ́ fi dìde lára rẹ̀, irun yẹn ló sì máa ń di aṣọ òwú mú. Bátìnì, òwú pẹlẹbẹ tí a ń tẹ́ sí àárín kúìlìtì, máa ń dì í mú jù bẹ́ẹ̀ lọ pàápàá, ṣùgbọ́n ó máa ń ṣí, òwú rẹ̀ á sì máa lẹ̀ mọ́ ègé yín. Ẹ̀yìn aṣọ tábìlì oníróbà, níbi tó ti rí múlọ́múlọ́, náà ṣeé lò bí owó bá há.

Ẹ dán an wò kí ẹ tó náwó sórí púpọ̀. Ẹ mú àjákù fúlánẹ́ẹ̀lì náà, kí ẹ gbé e kọ́ sára ilẹ̀kùn. Ẹ gé aṣọ òwú tó tó ínǹṣì 4, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, kí ẹ sì rọra fà á wálẹ̀ díẹ̀. Ẹ máa mọ̀ ọ́n lábẹ́ ìka yín: á kọ́kọ́ yọ̀ díẹ̀, lẹ́yìn náà á gan, bí ìgbà tí ẹ̀gún bá fa ṣòkòtò. Ẹ fi í síbẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bí ẹ bá bá a níbi tí ẹ fi í sí, aṣọ náà dára. Sílíìkì àti sátíìnì kò ní irun tó ṣeé dì mú, nítorí náà wọ́n máa ń bọ́. Píìnì nìkan ló lè gbé wọn ró.

Ní ti àwọ̀, ẹ yan èyí tí kò ní àwòrán kankan lára. Funfun ni ọ̀pọ̀ ń lò. Àwọ̀ eérú tó mọ́lẹ̀ ni èmi yàn, torí pé ègé funfun máa ń pòórá lórí ògiri funfun, ẹ ò sì ní mọ ibi tí etí rẹ̀ parí sí.

Fúlánẹ́ẹ̀lì lásán sábà máa ń fẹ̀ ní ínǹṣì 42 sí 44. Èyí ló mú kí n gba yín níyànjú pé kí ẹ ṣe pátákó méjì tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 3, kí ẹ sì tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, dípò ẹyọ kan tó fẹ̀ ní 6. Ínǹṣì 36 ni ìbú pátákó kọ̀ọ̀kan; bí ẹ bá fi ínǹṣì 3 kún un ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì láti ṣẹ́ sẹ́yìn, 42 ló jẹ́, aṣọ náà sì tó o gẹ́lẹ́. Yáàdì méjì àti ìdá mẹ́rin yáàdì kan á tó pátákó kan, yáàdì mẹ́rin àtààbọ̀ á tó méjèèjì. Ẹ má fọ̀ ọ́ tẹ́lẹ̀, torí pé fúlánẹ́ẹ̀lì máa ń súnkì, ìbú rẹ̀ ò sì ní tó mọ́. Ẹ kàn lọ̀ ọ́ kó tẹ́.

Pátákó náà

Ẹ lo fóòmù líle tí àwọn kọ́lékọ́lé fi ń dí ooru àti òtútù, èyí tó nípọn tó ínǹṣì kan. Ó fúyẹ́, píìnì sì ń wọ inú rẹ̀ wẹ́rẹ́. Ẹsẹ̀ bàtà 4 ní ìbú àti 8 ní gígùn ni wọ́n sábà máa ń gé e sí, nítorí náà ẹ nílò méjì.

Ẹ fi rúlà gígùn fa ìlà, kí ẹ fi bíléèdì tuntun gba orí ìlà náà ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta. Kò pọn dandan kó gé wọ inú tán. Ẹ gbé ìlà náà sí etí tábìlì, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀, á sì dá. Bí ẹ bá lo bíléèdì tó ti kú, fóòmù náà á máa fà ya.

Bíbò ó

Ẹ gbá ilẹ̀ mọ́. Ẹ da ojú fúlánẹ́ẹ̀lì bolẹ̀, kí ẹ gbé fóòmù lé e láàárín. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti àárín ẹ̀gbẹ́ kan: ẹ ṣẹ́ aṣọ náà sẹ́yìn, kí ẹ ki píìnì bọ̀ ọ́ ní ìdàgẹ̀rẹ̀. Ẹ lọ sí ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí i, kí ẹ fà á kó le díẹ̀, kí ẹ ki píìnì bọ ibẹ̀ náà. Lẹ́yìn náà ẹ máa lọ síhà igun díẹ̀díẹ̀. Ẹ má fà á jù, torí pé òwú aṣọ náà á wọ́, ohun tó wọ́ lẹ́yìn á sì máa tan ojú yín jẹ nígbà tí ẹ bá ń to ìlà. Ẹ ká igun bí a ṣe ń ká igun bẹẹdíṣíìtì. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá ti tẹ́, ẹ fi téèpù fífẹ̀ tó lágbára lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn, kí ẹ sì yọ píìnì.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi gọ́ọ̀mù tí wọ́n ń fọ́n láti inú agolo lẹ̀ ẹ́ láìkọ́kọ́ ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Èròjà inú ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń jẹ fóòmù; ihò ni ẹ máa bá níbi tí ẹ fọ́n ọn sí.

Gbígbé e ró

Ẹ kan pákó tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ògiri ní ìsàlẹ̀, kí pátákó méjèèjì jókòó lé e lórí, kí ẹ sì fi ìṣó tàbí síkúrúù dè wọ́n mú lókè. Ẹni tí kò bá lè kan ìṣó mọ́ ògiri ilé tó ń gbé lè rán ihò gígùn tí ọ̀pá á gbà kọjá sí orí fúlánẹ́ẹ̀lì, kó gbé e kọ́ bíi kọ́tìnì, kó sì ki ọ̀pá mìíràn sí ìsàlẹ̀ kó lè wúwo. Kò ní tẹ́ tó ti pátákó, ṣùgbọ́n a lè ká a kúrò nílẹ̀ bí àlejò bá dé.

Ẹ má gbé e síbi tí oòrùn ti ń ràn tààrà, kó má bàa ṣá àwọ̀ aṣọ yín. Ẹ gbé e jìnnà sí sítóòfù àti àbẹ́là, torí pé fóòmù máa ń gbaná kíákíá. Bí fáànù bá sì kọjú sí i, ilẹ̀ ni ẹ máa ti ṣa ègé yín.

Lílò ó

Ẹ tẹ ègé kọ̀ọ̀kan mọ́ ọn, kí ẹ sì rìn sẹ́yìn tó mítà méjì tàbí mẹ́ta. Ibẹ̀ ni ẹ ti máa rí i. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú fóònù, kí ẹ sọ fọ́tò náà di dúdú àti funfun. Nígbà tí àwọ̀ bá ti kúrò, ẹ máa rí ibi tí òkùnkùn kóra jọ sí àti ibi tó mọ́lẹ̀ jù. Mo máa ń fi tèmi síbẹ̀ fún alẹ́ kan ó kéré tán, torí pé ojú àárọ̀ máa ń rí ohun tí ojú alẹ́ gbójú fò.

Bí ó bá ti tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ ya fọ́tò ìkẹyìn, kí ẹ fi píìnì fi bébà kékeré tó ní nọ́ńbà sára ègé àkọ́kọ́ ìlà kọ̀ọ̀kan. Búlọ́ọ̀kù kan ṣoṣo ni kí ẹ máa yọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ rán an, ẹ lọ̀ ọ́, kí ẹ dá a padà sípò rẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan òmíràn. Èyí tó fi ínǹṣì 13½ jókòó tẹ́lẹ̀ á padà wá ní 12½, àlàfo tẹ́ẹ́rẹ́ á sì yọ yí i ká. Kì í ṣe àṣìṣe. Ẹ kàn fa àwọn tó kù sún mọ́ ọn.