Bí a ṣe ń wo bí ìhó afẹ́fẹ́ ṣe ń ṣe lára ife

Ní àkókò ọyẹ́ ní Èkìtì, omi tí ó sun inú ìkòkò amọ̀ mọ́jú máa ń tutù débi pé yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ta eyín. Irú omi bẹ́ẹ̀ ni a nílò, nítorí pé bí omi bá ti tutù tó ni ó ṣe ń gba afẹ́fẹ́ mọ́ra tó: lítà omi kan ní 10°C lè gba ọ́síjìn tó nǹkan bíi mílígíráàmù 11, ṣùgbọ́n bí ó bá móoru dé 30°C, kò lè gbà ju nǹkan bíi 7.5 lọ. Èyí tí ó ṣẹ́kù gbọ́dọ̀ wá ọ̀nà jáde, bí ó bá sì di ìhó, ara ohun líle ni ó ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá sí ọyẹ́, omi inú fíríìjì tó.

Ẹ wá ife gíláàsì mẹ́ta tí ó jọra. Ẹ fi ọṣẹ fọ̀ wọ́n, ẹ ṣàn wọ́n dáadáa, kí ẹ sì dojú wọn délẹ̀ títí wọn yóò fi gbẹ. Ẹ má fi aṣọ nù wọ́n. Aṣọ ni mo fi nù wọ́n nígbà tí mo kọ́kọ́ dán an wò. Òwú tín-ín-rín kan lẹ̀ mọ́ inú ife, ìhó sì tò sí i lára bí ìlẹ̀kẹ̀, mo sì rò pé ife náà ti sán ni.

Ẹ fi ife kìíní sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ fi àbẹ́là ra inú ìkejì ní ẹ̀gbẹ́ kan títí ibẹ̀ yóò fi funfun díẹ̀. Ẹ rọra da omi tútù sínú àwọn méjèèjì, kí ó máa ṣàn gba ara ife wọlé, nítorí omi tí a bá dà gbuu a máa kó afẹ́fẹ́ ìta wọnú. Omi tí a ti sè, tí a dé, tí ó sì ti tutù ni kí ẹ dà sínú ìkẹta. Ẹ gbé wọn síbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní mì wọ́n fún wákàtí kan tàbí méjì, kí ẹ wá tan tọ́ọ̀ṣì sí wọn láti ẹ̀gbẹ́.

Ìhó kì í sábà bẹ̀rẹ̀ láàárín omi gbalasa, nítorí pé bí ó bá kéré jù, omi yóò fún un mọ́lẹ̀ títí yóò fi pòórá. Ṣùgbọ́n ojú ibi tí gíláàsì ti ha máa ń há afẹ́fẹ́ díẹ̀ mọ́. Ibẹ̀ ni èyí tí ó wà nínú omi ń wá kún, tí ìhó fi ń dàgbà. Lára gíláàsì tí ó mọ́, omi a máa yọ́ wọ abẹ́ ìhó, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í fẹ̀, ó sì tètè ń já sókè. Lára àbẹ́là, omi ń sá bí ó ṣe ń sá lórí ewé kókò. Ìhó ibẹ̀ a fẹ̀ nídìí, a sì tóbi kí ó tó kúrò. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni ẹ ó rí nínú ife kẹta, torí sísè ti lé afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde.

Bí ẹ bá ní ẹlẹ́rìndòdò, ẹ ju ẹ̀pà yíyan kan sí i. Yóò rì, ìhó yóò bò ó, yóò gbé e léfòó. Bí wọ́n bá bẹ́ lókè, yóò tún rì.

Ẹni tí ó bá ń se iṣu tí a ó gún (usu ni a ń pè é nílé) mọ̀ pé ìhó tí ó kọ́kọ́ lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò kì í ṣe híhó omi. Afẹ́fẹ́ ni. Èyí tí ó tẹ̀lé e, tí omi fi ń kùn, ni ooru omi tí ó ń wó lulẹ̀ bí ó bá kan omi tí kò tíì gbóná tó. Bí irú ìhó tí ń wó bẹ́ẹ̀ bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin, omi yóò ta bí abẹ́rẹ́ síhà irin náà, èyí sì ni ó máa ń jẹ abẹ irin tí ń yí nínú ẹ̀rọ tí ń fa omi títí yóò fi lu jára.